Ibi Tí Orin Dolly Parton Ti Ń Ṣẹ̀ Wá

Ẹ̀yìn rìsíìtì alágbàfọ̀ ni Dolly Parton, olórin country ọmọ Amẹ́ríkà, kọ orin "Coat of Many Colors" sí. Ọdún 1969 ni, nínú bọ́ọ̀sì tí òun àti Porter Wagoner, gbajúmọ̀ olórin tí ó ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà, fi ń ti ìlú dé ìlú kọrin. Orin náà dé lójijì, bébà kò sì sí nítòsí. Ṣùgbọ́n Porter ní kóòtù lóríṣiríṣi, èyí tí wọ́n to òkúta dídán sí lára, tí kò ṣeé fọ̀ nílé, àfi kí wọ́n gbé e fún alágbàfọ̀. Rìsíìtì ara ọ̀kan nínú àwọn kóòtù náà ni Dolly já, ó sì kọ ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ sí i lẹ́yìn. Bí orin tó dá lórí ẹ̀wù àkísà ṣe bọ́ sórí ìwé tó ti ara aṣọ olówó ńlá wá nìyẹn. Nígbà tí orin náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, Porter fi férémù gbé rìsíìtì ọ̀hún, ó sì di ohun tí àwọn èrò ń wò ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nínú ọgbà ìgbafẹ́ Dollywood, ní Pigeon Forge, ìpínlẹ̀ Tennessee.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí orin ṣe ń tara ènìyàn jáde yóò jèrè púpọ̀ lọ́dọ̀ obìnrin yìí, nítorí kì í fi orísun orin rẹ̀ pamọ́. Ó máa ń dá àwọn oníròyìn tó bá bi í lóhùn. Ní ọdún 2020, ó gbé ìwé ńlá kan jáde, Songteller, níbi tó ti ṣàlàyé ohun tó wà lẹ́yìn orin 175 tó kọ. Mo ti fara balẹ̀ gbọ́ àwọn àlàyé yìí, mo sì ti gbọ́ àwọn orin náà fúnra wọn léraléra, ohun kan wá dá mi lójú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kọ́ ni orin náà. Yóò mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan, yóò gé e, yóò yọ orúkọ kúrò, yóò yọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ kúrò, nígbà mìíràn pàápàá yóò yọ apá tó dunni jù lọ. Àyè tó ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ ni olùgbọ́ ń gbà wọlé.

Ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 1946 ni wọ́n bí i, ní Sevier County, lẹ́sẹ̀ àwọn òkè Great Smoky Mountains ní ìlà oòrùn Tennessee, nínú ilé onígi oníyàrá kan létí odò Little Pigeon. Ọmọ méjìlá ni àwọn òbí rẹ̀ bí, òun ni ìkẹrin. Àgbẹ̀ tábà ni bàbá rẹ̀, Robert Lee Parton. Orí rẹ̀ pé nínú òwò, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ̀ọ́kọ, kò mọ̀ọ́kà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí Dolly, kò sí owó nílé. Àpò ìyẹ̀fun àgbàdo kan ni bàbá fi san owó dókítà tó gbẹ̀bí, Robert F. Thomas. Nígbà tí Dolly gbé àwo My Tennessee Mountain Home jáde ní ọdún 1973, ó fi orin kan sínú rẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ dókítà yìí gan-an. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ìtàn àpò àgbàdo fi wà lẹ́nu àwọn ará ilé kí ọ̀rọ̀ dókítà tó di orin. Ó tọ́ kí ẹni tó ń ronú nípa ohun tó ń bí orin rántí èyí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé orin máa ń dé ní gbàrà tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, Avie Lee, ló ti kọ́kọ́ gbọ́ orin tó ní ìtàn nínú. Àwọn baba ńlá àwọn ará òkè yìí ti Scotland, Ireland àti England wá, wọ́n sì gbé orin àtayébáyé dání: orin ọmọge tí ìfẹ́ pa, orin ọkùnrin tó da olólùfẹ́ rẹ̀, orin òkú tí ẹnikẹ́ni kò sin dáadáa. Ìyá a máa kọ wọ́n bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ilé lọ. Bàbá ìyá rẹ̀, Jake Owens, jẹ́ oníwàásù ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì, níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́, tí wọ́n ń jó, tí ẹnikẹ́ni tí ẹ̀mí bá bà lé lè bú sí orin. Ìbànújẹ́ orin ìyá àti ayọ̀ aláriwo ilé ìjọsìn bàbá àgbà, méjèèjì ló ń bá ara wọn jà nínú ohùn Dolly títí dòní. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: bí ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ bá burú tó, ohùn rẹ̀ kì í pàdánù ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tán.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan nípa orin country fúnra rẹ̀, torí àwọn kan ń pè é ní orin àwọn òyìnbó oko lásán. Bánjò tó ń dún nínú rẹ̀, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé irú rẹ̀ dé Amẹ́ríkà. Gìtá tí wọ́n ń fi irin tẹ̀ lórí okùn, èyí tó máa ń fa ohùn bí ẹni tó ń dárò, kò sì ṣàjèjì sí wa: Demola Adepoju ló ń ta á nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé, ó sì hàn kedere nínú àwo Juju Music tó jáde ní 1982. Etí Yorùbá ti mọ igbe yẹn.

Dolly kò tíì mọ̀ọ́kọ nígbà tó ṣe orin rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó tó ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà. Bàbá rẹ̀ fi ṣùkù àgbàdo gbẹ́ ọmọláńgidi fún un, ó fi irin gbígbóná jó ojú sí i. Ìyá rẹ̀ fi háhá àgbàdo ṣe aṣọ fún un, irun àgbàdo sì di irun orí rẹ̀. Ọmọ náà bá fi orin sọ̀rọ̀ fún ọmọláńgidi rẹ̀, ó pè é ní "Little Tiny Tasseltop", ìyá sì bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tàbí àbúrò kan ìbá ti gbàgbé irú nǹkan báyìí lọ́jọ́ kejì. Ìyá kò jẹ́ kó sọ nù, èyí sì ṣe pàtàkì púpọ̀ lójú mi, nítorí ọmọ tí wọ́n bá kọ orin rẹ̀ sílẹ̀ yóò mọ̀ láti kékeré pé ohun tó ń jáde lẹ́nu òun tó ohun tí à ń tọ́jú. Arákùnrin ìyá rẹ̀, Bill Owens, ló fún un ní gìtá gidi nígbà tó tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, òun náà ló sì mú un lọ sí Knoxville, níbi tí ó ti ń kọrin lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wù náà wá ńkọ́? Ẹnì kan fún ìyá rẹ̀ ní àpótí àkísà aláwọ̀ oríṣiríṣi. Òtútù ń bọ̀, Dolly kò ní kóòtù. Ìyá bá jókòó, ó ń rán an ní ègé-ègé, bó sì ṣe ń rán an ló ń sọ ìtàn Jósẹ́fù inú Bíbélì fún ọmọ rẹ̀, ọmọ tí bàbá rẹ̀ dá ẹ̀wù aláràbarà fún nítorí ìfẹ́. Ọmọ náà gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ó gbé e wọ̀ lọ sílé ìwé bí ọmọ ọba. Àwọn ọmọ yòókù fi í ṣẹ̀sín. Nínú orin náà, ó gbìyànjú láti ṣàlàyé fún wọn pé ìfẹ́ wà nínú gbogbo ojú abẹ́rẹ́ ẹ̀wù náà, ṣùgbọ́n kò yé wọn. Ibẹ̀ ni ìtàn inú orin parí sí.

Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 1978, nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan, Dolly sọ apá tí kò fi sínú orin. Àwọn ọmọ náà gbìyànjú láti bọ́ ẹ̀wù náà kúrò lára rẹ̀, kò sì wọ aṣọ mìíràn sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n tì í mọ́ yàrá kékeré tí wọ́n ń kó kóòtù sí, wọ́n di ilẹ̀kùn mú, òkùnkùn sì ṣú biribiri níbẹ̀. Ó pẹ́ púpọ̀ kí ó tó lè sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká ronú sí i. Òǹkọrin mìíràn ìbá rò pé òkùnkùn yẹn gan-an ni orin, kó sì fi sí àárín gbùngbùn. Ìbá jẹ́ orin tó lágbára, ṣùgbọ́n orin àwọn ọmọ tó ti ilẹ̀kùn ni ì bá jẹ́. Dolly kọ̀ láti fún wọn láyè. Ó yọ yàrá òkùnkùn náà kúrò, ó sì fi ìyá rẹ̀ àti abẹ́rẹ́ rẹ̀ sí àyè náà. Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyí, mo sì gbà gbọ́ pé òun ló fà á tí orin náà fi ń pa àgbàlagbà tí ẹnikẹ́ni kò fi ẹ̀wù rẹ̀ rẹ́rìn-ín rí lẹ́kún. Olúkúlùkù ló ní yàrá òkùnkùn tirẹ̀ tí kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ. Dolly sọ pé orin náà wo ọgbẹ́ náà sàn fún òun, nínú gbogbo orin tí òun sì ti kọ, òun ni òun fẹ́ràn jù. Ọdún 1971 ló jáde. Ní ọdún 2011, Ilé Ìkàwé Ìjọba Àpapọ̀ Amẹ́ríkà kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn orin tí orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ tọ́jú.

"Jolene" yàtọ̀ pátápátá, torí ẹ̀fẹ̀ ló bí i. Ní 1964, Dolly parí ilé ìwé girama, ó sì wọkọ̀ lọ sí Nashville lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ tó dé ìlú náà gan-an ló pàdé Carl Dean níwájú ibi ìfọṣọ. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní 1966. Carl kì í ṣe ènìyàn tó fẹ́ràn kí ayé máa wo òun, iṣẹ́ ọ̀dà títì ló ń ṣe. Báńkì kan wà tó máa ń lọ, akọ̀wé kan sì wà níbẹ̀, obìnrin onírun pupa tó gùn dáadáa, tó máa ń bá a ṣeré ìfẹ́. Inú Carl a máa dùn sí i. Dolly a sì máa fi dá a lápàárá pé àkókò tó ń lò ní báńkì ti pọ̀ ju owó tí àwọn ní níbẹ̀ lọ. Ìyẹn nìkan kò tíì tó láti di orin. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tó kọrin tán, ọmọbìnrin kékeré kan tó tó ọmọ ọdún mẹ́jọ wá sídìí pèpéle pé kó bá òun fọwọ́ sí ìwé. Irun rẹ̀ pupa, ojú rẹ̀ rí bí ewé tútù, ó rẹwà. Dolly bi í lórúkọ, ó ní Jolene ni òun ń jẹ́. Kò gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó sọ fún ọmọ náà pé òun yóò fi orúkọ rẹ̀ kọrin, ó sì ń tún un pè lẹ́nu ara rẹ̀ kí ó má baà gbàgbé.

Ọmọ kékeré ló fún un ní orúkọ àti irun pupa; akọ̀wé báńkì ló fún un ní ìtàn. Wọ́n pàdé nínú orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó dà nù kí orin tó dúró. Báńkì kò sí níbẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kàn kò ní orúkọ, kò sì sọ gbólóhùn kan. Ó kù obìnrin kan tó ń bẹ obìnrin mìíràn. Nínú orin orogún tiwa, ẹni tó ń kọrin kì í bẹ̀bẹ̀. Òwe ni yóò pa, àbùkù orogún rẹ̀ ni yóò máa kà sílẹ̀, kí gbogbo agboolé lè mọ ẹni tó ń bá wí. Dolly ṣe òdìkejì rẹ̀. Ó yin ẹwà ẹni tó ń bà á lẹ́rù láti orí dé ohùn, ó gbà pé òun kò lè bá a du, ó sì fi ayọ̀ òun lé e lọ́wọ́. Jolene kò dáhùn. Títí orin fi parí, a kò mọ̀ bóyá ó mú ọkùnrin náà lọ tàbí ó fi í sílẹ̀. Orin náà kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Gìtá rẹ̀ ń yí po lójú kan náà bí ọkàn ẹni tí kò rí oorun sùn, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ bíi ti àwọn orin ìtàn tí Avie Lee ń kọ nínú ilé onígi. Kí a sọ pé akọ̀wé báńkì ló bí "Jolene" kò pé rárá. Àwọn baba ńlá tó ti òkè òkun wá wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ó jáde ní oṣù Kẹwàá 1973, ó sì gba ipò kìíní láàárín àwọn orin country ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Dolly ti sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọjọ́ kan náà ni òun kọ "Jolene" àti "I Will Always Love You". Bí kò tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kan náà, àsìkò kan náà ni.

Orin kejì yìí, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló fà á. Ní 1967, Porter Wagoner mú un wọ ètò tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ti ń wò wọ́n. Dolly ṣèlérí ọdún márùn-ún. Ó ti wọ ọdún keje báyìí, ó sì fẹ́ dá dúró. Porter kò fẹ́ gbọ́. Wọ́n jà, wọ́n sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kò wọlé. Òun ló mú mi wá, òun ló sọ mí di ènìyàn, báwo ni mo ṣe fẹ́ dá a lóhùn? Irú ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn Dolly nìyẹn. Ó lọ sílé, ó kọ orin, ó padà sí ọ́fíìsì Porter lọ́jọ́ kejì, ó ní kó jókòó, ó sì kọ ọ́ fún un. Gẹ́gẹ́ bí Dolly ṣe máa ń sọ ọ́, omijé bọ́ lójú Porter, ó ní orin tó dára jù lọ tó kọ rí nìyẹn, ó lè máa lọ, bó bá ti lè jẹ́ kí òun ṣe agbátẹrù rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀.

Kò sí Porter nínú orin náà. Kò sí tẹlifíṣọ̀n, kò sí ìwé àdéhùn, kò sí ìjà. Bẹ́ẹ̀ ìjà náà pọ̀, kò sì tán lọ́jọ́ yẹn: ní 1979, Porter pè é lẹ́jọ́ fún mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là, wọ́n sì yanjú rẹ̀ láìdé iwájú adájọ́. Ó tún pẹ́ kí wọ́n tó di ọ̀rẹ́ padà. Àwọn kan lè sọ pé orin náà bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bá ń kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ràn án lọ́wọ́, ìbínú àti ọpẹ́ ló ń bá a jáde lẹ́nu ọ̀nà pọ̀. Dolly fi ìbínú sílẹ̀ fún àwọn agbẹjọ́rò, ó sì gbé ọpẹ́ sínú orin. Kò sì sí irọ́ kankan nínú ọpẹ́ náà.

Nítorí pé kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, orin náà lè rìn jìnnà. Ó gba ipò kìíní ní 1974. Ó tún gbà á ní 1982 nígbà tí Dolly tún un kọ fún fíìmù. Linda Ronstadt kọ ọ́ ní 1975. Elvis Presley fẹ́ kọ ọ́, inú Dolly dùn dé orí, ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ ku ọ̀la, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ Elvis, Colonel Tom Parker, ní àfi kí wọ́n kọ́kọ́ gba ìlàjì ẹ̀tọ́ orin náà. Dolly kọ̀. Ó sunkún mọ́jú. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹkún yẹn ju ọ̀pọ̀ àmì ẹ̀yẹ tó gbà lọ. Orin tó fi dágbére fún ẹni tó fẹ́ ká òun mọ́ ọwọ́, báwo ni yóò ṣe gbé ìlàjì rẹ̀ fún ẹlòmíràn?

Ẹ̀dà tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ jù ni ti Whitney Houston, tí wọ́n ṣe fún fíìmù The Bodyguard ní 1992. Ẹ̀dà ti Ronstadt ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ lé, ẹsẹ tó gbẹ̀yìn kò sì sí nínú ìyẹn. Dolly ló sọ fún David Foster tó ń ṣe orin náà pé ẹsẹ kan kù, ẹsẹ tí ẹni tó ń lọ ti ń súre fún ẹni tó ń fi sílẹ̀. Wọ́n dá a padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá gbáko ni orin náà fi wà ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Inú mọ́tò ni Dolly wà nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lórí rédíò. Ọkàn rẹ̀ kún tó bẹ́ẹ̀ tó fi yà sẹ́bàá ọ̀nà kí ó má baà forí sọ nǹkan. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ nínú ọ́fíìsì kan ní Nashville ti di ti ọmọbìnrin dúdú láti Newark, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ní láti yí padà nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní orin ní í ṣíwájú ọ̀tẹ̀. Ní ti "9 to 5", ọ̀tẹ̀ ló ṣíwájú orin. Ní Boston, ní ọdún 1973, àwọn obìnrin akọ̀wé ọ́fíìsì tí owó wọn kéré, tí wọ́n ń po kọfí fún ọ̀gá, tí wọ́n ń kọ́ ọkùnrin níṣẹ́ kí ọkùnrin náà lè wá di ọ̀gá wọn, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Karen Nussbaum àti Ellen Cassedy ló ṣíwájú wọn, wọ́n sì fi wákàtí iṣẹ́ wọn sọ ẹgbẹ́ náà lórúkọ, 9to5. Ọ̀rẹ́ Nussbaum ni Jane Fonda, òṣèré fíìmù. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin yìí ló sọ di fíìmù, ó sì pe Dolly pé kó wá bá òun ṣe é. Dolly kò ṣe fíìmù rí. Ó ní òun yóò wá bí wọ́n bá jẹ́ kí òun kọ orin rẹ̀.

Iṣẹ́ fíìmù kún fún ìdúró lásán. Bí Dolly ṣe ń dúró, ó ń fi èékánná àtọwọ́dá rẹ̀ ha ara wọn, ó sì gbọ́ pé ó ń dún bíi táípúráítà. Bí ìlù orin náà ṣe dé nìyẹn. Nígbà tí wọ́n gbà á sílẹ̀, ó fi èékánná náà sí i, wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́yìn àwo pé òun ló ta èékánná. Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé kò sí nǹkan kan nínú orin náà nípa ìtàn fíìmù: kò sí ọ̀gá tí wọ́n dè mọ́lẹ̀, kò sí àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń gbìmọ̀. Jíjí lówùúrọ̀, kọfí, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà, ọ̀gá tó ń gba iyì iṣẹ́ tí kò ṣe, ìyẹn ló wà níbẹ̀. Ẹni tí kò wo fíìmù náà rí mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ní 1981, ó gba ipò kìíní lórí àtẹ orin country àti lórí àtẹ gbogbo gbòò.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àyè tó ṣí sílẹ̀ máa ń so èso rere. Ní 1975, Dolly kọ "The Bargain Store", níbi tí obìnrin kan ti fi ọkàn rẹ̀ wé ilé ìtajà àlòkù: ó ti gbó díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì wúlò fún ẹni tó bá mọyì rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò kan kọ̀ láti lò ó, wọ́n ní ọ̀rọ̀ aṣẹ́wó ni. Ọkàn tó ti bàjẹ́ ni Dolly ń sọ. Ohun tó wà lọ́kàn àwọn olùgbọ́ ni wọ́n gbọ́. "Down from Dover" tó kọ ṣáájú ìgbà náà, ní 1970, rí irú rẹ̀. Ọmọge kan lóyún, ẹni tó fún un lóyún ní òun ń padà bọ̀, kò padà, ọmọ náà sì kú. Dolly kò lóyún fún ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dàgbà láàárín orin ìyá rẹ̀, ó sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí àbúrò rẹ̀ Larry kú ní ìkókó, ọmọ tí ìyá ti sọ pé Dolly ni yóò máa bá òun tọ́jú. Rédíò kò fẹ́ orin náà, ó ti wúwo jù. Ó fi í pamọ́ sínú àwo, ó sì tún un kọ ní 2001, nígbà tí kò sí ẹni tó lè dí i lọ́wọ́ mọ́.

Ohun kan wà tó ká a lára púpọ̀ tó di nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí orin: àìmọ̀wé bàbá rẹ̀. Ní 1995, ó dá ètò kan sílẹ̀ ní Sevier County tó ń fi ìwé kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣooṣù sí ọmọdé láti ìgbà ìbí títí di ọdún márùn-ún, ó sì sọ pé nítorí bàbá òun ni. Ètò náà ti tàn dé Kánádà, Bìrìtìkó, Ọsirélíà àti Ireland.

Aago mẹ́ta òru ló sọ pé òun sábà máa ń jí láti ṣiṣẹ́, kí ariwo ayé tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìtura DreamMore nínú Dollywood ní 2015, wọ́n gbé àpótí igi kan síbẹ̀, orin kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí sì wà nínú rẹ̀. "My Place in History" ni Dolly pe orin náà. Wọn kò gbọdọ̀ ṣí i títí di ọdún 2045. Ó ti jẹ́wọ́ pé ó ń yọ òun lẹ́nu, pé ó ń ṣe òun bíi kí òun lọ já àpótí náà. Àwọn tó bá ṣí i lọ́jọ́ náà yóò kọ́kọ́ gbọ́ orin fúnra rẹ̀ ná, kí wọ́n tó máa wá ẹni tí wọn yóò bi léèrè ibi tó ti wá.